OLUMBE BASSIR: Ọ̀JỌ̀GBỌ́N TÓ TỌPA MÁJÈLÉ INÚ Ẹ̀PÀ

Ta ló rántí ẹ̀pà tí a fi ń mu gààrí láyé ìgbà yẹn? Èyí tó bá ti bu, tó hu funfun, a ó fọwọ́ nù ún, a ó yan án, a ó jẹ ẹ́. A rò pé iná ti pa ohun tó wà níbẹ̀. Irọ́ ni o!

Ọ̀kan nínú àwọn tó tọpa ohun tó wà níbẹ̀ nílẹ̀ wa ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ó ti pẹ́ tó ti papòdà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àká wa nílé.

Ọmọ Sierra Leone ni. Aku ni wọ́n, ìran Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n tẹ̀dó sí Freetown. Láti ìgbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ University College ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bàbá yìí kò jókòó sójú kan: ní 1954, ó kọ̀wé lórí ìgbéyàwó àwọn Aku, ní 1957, ó kó ewì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ sínú ìwé kan, ní 1962, ó kọ̀wé lórí bí ẹmu ọ̀pẹ ṣe ń kan.

Ibi tí ìtàn ti yí nìyí. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀pà tí wọ́n rà láti Brazil ni wọ́n fi bọ́ wọn. Ẹ̀pà náà ti bu, ohun tó bù ú sì ti tu májèlé sí i. Wọ́n pe májèlé náà ní aflatoxin. Ẹ gbọ́ ná: tòlótòló ló jẹ ẹ̀pà lọ́hùn-ún, níbí, èèyàn ló ń jẹ ẹ́.

Bassir wọ inú iṣẹ́ náà. Ní 1967, ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, òun àti Osiyemi fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé májèlé tí wọ́n fún eku máa ń gba inú òróòro jáde. Ní 1968, òun àti Adekunle kéde májèlé méjì mìíràn láti ara ohun kan náà tó ń mú oúnjẹ bu. Wọ́n pè wọ́n ní palmotoxin B0 àti G0. Ní 1969, òun àti Bababunmi kọ̀wé lórí ohun tí aflatoxin ń ṣe sí dídì ẹ̀jẹ̀ eku. Ní 1973, òun àti Adekunle tún gbé e dé orí ẹ̀wà, bóyá yóò hù dáadáa.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo àwọn orúkọ wọ̀nyẹn. Bàbá kò dá rìn. Ó ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mọ́ tirẹ̀.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìlá Ọ̀ràngún, dé Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, àgbàdo òjò máa ń gbó nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Oòrùn kò tó. A ó kó o sápò tòun ti omi lára, yóò sì bu. Ní 2004, irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ pa èèyàn 125 ní Kẹ́ńyà. Èyí tí kò pani lójijì ń bá ẹ̀dọ̀ jà díẹ̀díẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ. Ní 2014, ìjọba fòǹtẹ̀ lu Aflasafe, tí IITA ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lé lórí: wọ́n ń fọ́n ọn sóko kí èyí tí kò lóró lè gba ààyè mọ́ èyí tó lóró lọ́wọ́.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kan ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ìwé Bassir wọ̀nyẹn. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà lọ́jà Ìlá kò kà á. Àwa tí wọ́n fi owó ẹ̀pà rán níléèwé ló yẹ kó sọ fún un. Bí ẹ bá délé lẹ́yìn àpéjọ yìí, ẹ sọ ọ́: kí wọ́n sá a gbẹ dáadáa, kí ó má kan ilẹ̀, kí wọ́n ṣa èyí tó bu dànù, kí wọ́n má fún adìẹ, kí wọ́n má sì lọ̀ ọ́ mọ́ ògì ọmọ.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n sí afẹ́fẹ́ rere. Àwa náà, ká má fi ẹnu wa jẹ májèlé. Àmín.