‘Amr Ọmọ Umayyah: Ońṣẹ́ Ànábì Tí Ó Gbé Ìwé Àṣírí La Òkun Kọjá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó pa pípé àmánà láṣẹ fún àwa ẹrúsìn Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá nínú ẹ̀sìn, ‘Amr ọmọ Umayyah, láti ìran Damrah, wà lára àwọn tí ó gbógun ti Mùsùlùmí ní Badr àti Uhud. Lẹ́yìn Uhud ni Ọlọ́hun fi ìmọ̀nà ta á lọ́rẹ. Ní ọdún 4 Hijrah (625), wọ́n dalẹ̀ àwọn oníwàásù tí ó bá rìn, wọ́n sì pa wọ́n ní kànga Ma‘unah. Wọ́n mú òun, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó pa ọkùnrin méjì láti gbẹ̀san, kò mọ̀ pé wọ́n ní àdéhùn pẹ̀lú Ànábì. Ànábì gba owó ẹ̀jẹ̀ wọn rù. Ẹ wo bí àdéhùn ti wúwo tó, kódà ní àkókò ogun.

Ọkùnrin yìí ni Ànábì yàn láti gbé ìwé lọ bá Najashi, ọba Habasha, ní òdìkejì Òkun Pupa, níbi tí àwọn Mùsùlùmí kan ti ń ṣe àtìpó láti ọdún pípẹ́. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọjà. Ànábì fẹ́ kí ọba fi Ummu Habibah fún òun ní ìyàwó. Opó ni, ọmọ Abu Sufyan sì ni, ẹni tí ó jẹ́ olórí ọ̀tá ní Mẹ́kà. Ó sì fẹ́ kí àwọn àtìpó padà wá sílé.

Àwọn òpìtàn sọ pé lẹ́yìn ogun Kòtò (ọdún 5 Hijrah, 627), ‘Amr ọmọ al-‘As, tí ó ṣì jẹ́ kèfèrí, wà ní Habasha. Ó rí ońṣẹ́ yìí tí ó ń jáde láti ọ̀dọ̀ ọba. Ó gbé ẹ̀bùn awọ wọlé, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ọba fa ońṣẹ́ náà lé òun lọ́wọ́ kí òun pa á. Inú bí Najashi gidigidi, ó sì kọ̀ jálẹ̀. Ìbínú ọba yìí ni ó ṣí ojú inú ọmọ al-‘As, tí òun náà fi gba Ìsìláàmù.

Najashi so yìgì náà, ó sì san dínárì 400 ní sàdáàkì. Ó tún pèsè ọkọ̀ ojú omi méjì. ‘Amr bá àwọn àtìpó wọ̀ ọ́ padà, Ja‘far ọmọ Abu Talib sì wà láàrin wọn. Khaybar ni wọ́n ti bá Ànábì ní ọdún 7 Hijrah (628), inú rẹ̀ sì dùn púpọ̀.

Mẹ̀dínà ni ‘Amr kú sí, ní ìgbà ìjọba Mu‘awiyah, ṣáájú ọdún 60 Hijrah (680).

Ẹ̀yin olùgbàgbọ́ òdodo, àmánà ni ààwẹ̀ tí ó wà lọ́rùn wa yìí náà. Ẹni tí ó bá dá wà nínú yàrá pẹ̀lú omi tútù, Ọlọ́hun nìkan ni ó ń rí i. Gẹ́gẹ́ bí ‘Amr ti jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ láìyingin, kí Ọlọ́hun ràn wá lọ́wọ́ láti jẹ́ tiwa. Àmín.