ṢÉÙ IBRAHIM NIASS ÀTI ÌJÀ ỌJỌ́ ỌDÚN

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin tí ẹ fi owó ran iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí yìí lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn àgbà àlùfáà kan fún yín.

Ní 1900 ni a bí Ṣéù Ibrahim Niass ní Taiba Niassène, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà. Bàbá rẹ̀, Alhaji Abdoulaye Niass, jẹ́ àgbà nínú tàríkà Tijániyà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sì ti ké kéwú. Nígbà tí bàbá papòdà ní 1922, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, Muhammad, jókòó sí ipò bàbá ní àdúgbò Léona, ní ìlú Kaolack. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àrẹ̀mọ ni.

Ní 1929, nínú oko Kossi, Ṣéù Ibrahim kéde pé òun ni Ọlọ́hun gbé ìkún omi ìmọ̀ tí Ṣéù Ahmad Tijani sọ tẹ́lẹ̀ lé lọ́wọ́. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Àwọn kan nínú ọmọlẹ́yìn bàbá rẹ̀, tí wọ́n jù ú lọ lọ́jọ́ orí, tẹ̀lé e. Inú àwọn mìíràn kò dùn rárá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: àbúrò ń gba mùrídì nínú ilé tí ẹ̀gbọ́n ti jẹ́ olórí!

Lọ́jọ́ ọdún ìtúnu ààwẹ̀ 1930, lẹ́yìn ìrun yídì, àwọn ọmọlẹ́yìn tọ̀tún tòsì kọlu ara wọn. Ibi tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí. Ṣéù kò kó èèyàn jọ láti fi ipá gba Léona, kò sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, òun àti àwọn díẹ̀ jáde lọ wá ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kẹ́rù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ṣáláṣí tuntun níbẹ̀, ní àdúgbò tí à ń pè ní Medina Baye. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, yóò máa kọ́ èèyàn ní kéwú; bí òjò bá dé, ó di oko Kossi. Ìwé Kashif al-Ilbas ni ó fi dá àwọn alátakò lóhùn láìpẹ́ lẹ́yìn náà.

Kí a má purọ́, ìyapa láàrin ọmọ bàbá kan dunni. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń kọ èyí ti rí mọ́ṣáláṣí tí wọ́n tì pa nítorí oyè lẹ́mọ́mù, tí koríko hù níwájú rẹ̀. A kò ní dárúkọ ibẹ̀.

Ní 1937, Emir Kano, Abdullahi Bayero, pàdé rẹ̀ ní Mẹ́kà, ó sì gbà á ní olùtọ́sọ́nà. Orúkọ rẹ̀ tàn ní Kano, ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá. Ní 1961, ó ṣe lẹ́mọ́mù ìrun jímọ̀ ní Al-Azhar, ní Cairo. London ni ó ti papòdà ní oṣù July 1975. Wọ́n gbé e padà sí Kaolack, ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí Medina Baye ni wọ́n sì sin ín sí. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.