Robbin Crosby, òmìrán onígìtá tí abẹ́rẹ́ pa

Bí ẹ bá rí fọ́tò ẹgbẹ́ olórin Ratt ti ọdún 1984, ẹni tó ga ju gbogbo wọn lọ, tí irun rẹ̀ gùn tó sì pọ́n bí irun àgbàdo, Robbin Crosby nìyẹn. Ọba ni wọ́n ń pè é, King lédè wọn. Ratt náà, eku ni.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1959 ni wọ́n bí i ní La Jolla, ní California, Amẹ́ríkà. Los Angeles ni ẹgbẹ́ wọn ti lókìkí. Rọ́ọ̀kì aláriwo ni wọ́n ń ṣe, èyí tí àwọn ọkùnrin ń lé tìróò, tí wọ́n ń kun ojú, tí wọ́n sì ń wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ra pinpin. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, àṣà ìgbà yẹn ni!

Ní 1984, wọ́n gbé àwo Out of the Cellar jáde. Ó tà ju mílíọ̀nù 3 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Crosby wà lára àwọn mẹ́ta tó jọ ṣẹ̀dá Round and Round, orin tó gbé wọn dé ipò 12 lórí àtẹ orin ibẹ̀. MTV, télé olórin, ń fi í hàn ṣáá. Owó wọlé, heroin náà wọlé. Abẹ́rẹ́ ló fi ń gún oògùn olóró yẹn sára.

Ní 1991, lẹ́yìn tí wọ́n lọ ṣeré ní Japan, ó kúrò nínú ẹgbẹ́. Ọdún yẹn náà ni Nirvana, tí wọn ò kun nǹkan kan, tí aṣọ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ̀, gbé Nevermind jáde. Ayé bá yí. Ratt tú ká ní 1992. Ọ̀pọ̀ ní Nirvana ló pa irú orin wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà, àmọ́ ní ti Crosby, abẹ́rẹ́ ti ṣe tiẹ̀ kí Nirvana tó dé.

Abẹ́rẹ́ tí ẹnì kan ti lò, tí ẹlòmíì tún fi gún ara, kòkòrò sídà lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀. Ní 2001, Crosby jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ní in. Kì í ṣe ohun tó rọrùn fún ẹni tí wọ́n ti ń pè lọ́ba. Ara rẹ̀ ti wú nígbà náà, kò jọ ẹni inú fọ́tò yẹn mọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2002, heroin pa á ní Los Angeles. Ọmọ ọdún 42 ni.

Ní 2020, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kan fi Round and Round ṣe ìpolówó: tọkọtaya kan ń ráhùn pé eku wà nílé àwọn, àṣé ẹgbẹ́ Ratt ló ń kọrin níbẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, orin náà tún gbòde. Òmìrán onígìtá yẹn kò sí láàárín wọn.