Ọ̀gágun Kutaisov, Olórí Àwọn Ayinàgbá Rọ́ṣíà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá sọ̀rọ̀ nípa ogun tí Napoleon gbé lọ bá Rọ́ṣíà ní 1812, òun fúnra rẹ̀ àti Kutuzov tí ó dojú kọ ọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Ní tèmi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni ọkàn mi fà sí jù nínú ìtàn náà. Orúkọ rẹ̀ ni Alexander Ivanovich Kutaisov, olórí àwọn tí ń yin àgbá, èyíinì ni ìbọn ńlá tí ẹṣin ń fà lọ sójú ìjà.

Ọdún 1784 ni a bí i. Ará Tọ́kì ni bàbá rẹ̀. Ọmọdé ni bàbá yìí nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà mú un lójú ogun, tí a sì fi í ta Paul, àrẹ̀mọ ọba, lọ́rẹ. Ó di onígbàjámọ̀ Paul, ó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí Paul gorí ìtẹ́ ní 1796, ó gbé ẹrú àná ga, ó sì fi í jẹ oyè Count ní 1799. Ṣùgbọ́n àwọn tí a bí sínú ọlá kò yé fi onígbàjámọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ojú rere ọba ran ọmọ náà pẹ̀lú. Láti kékeré ni a ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba, nígbà tí ó sì tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15, ó ti di kọ́nẹ́ẹ̀lì. Níhìn-ín ni mo ti rí ara mi nínú ìtàn rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí Sítáńdàdì Síìsì nìkan ni mo ní nígbà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa kọ́ ọmọ. Orúkọ ti dé ṣáájú ìmọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn lára Kutaisov ni pé kò jẹ́ kí oyè náà tan òun jẹ. Ó jókòó ti iṣẹ́ àgbá, ó kọ́ ọ, ó sì kọ́ èdè púpọ̀ mọ́ ọn. Ní 1806, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 22, ó di ọ̀gágun.

Ní oṣù kejì ọdún 1807, Rọ́ṣíà àti Faransé pàdé nínú yìnyín ní Eylau, ní ilẹ̀ Prussia. Apá òsì àwọn ará Rọ́ṣíà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó tán kí àgbá 36 tó sáré dé láti apá ọ̀tún, tí wọ́n sì dá ọ̀tá dúró. Kutaisov gba àmì ẹ̀yẹ Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ipele kẹta nítorí iṣẹ́ ọjọ́ náà. N kò ní fi èyí pamọ́ fún yín: Yermolov, tí ó wà lára àwọn tí ó darí àgbá wọ̀nyí, gbà pé òun ni ìyìn náà tọ́ sí. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì padà di ọ̀rẹ́.

Lẹ́yìn èyí, Kutaisov gba ìsinmi, ó lọ sí Vienna àti Paris láti tún kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ní 1812 ó kọ àwọn òfin kan fún lílo àgbá lójú ogun. Ó kọ́ wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa yin àgbá láti ọ̀nà jíjìn kí ariwo lè kàn máa sọ. Kí wọ́n ṣọ́ ẹ̀tù àti ọta lò. Kí àwọn àgbá kan sì wà ní ìpamọ́ lẹ́yìn, tí olórí lè tètè rán lọ síbi tí ogun bá ti le.

Láyé ọjọ́un, ìtìjú ńlá ni kí ọ̀tá gba àgbá ẹni. Nítorí náà, àwọn ayinàgbá a máa tètè fa àgbá sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ṣì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ó ku ọ̀la kí wọ́n jà ní Borodino, ní ìwọ̀ oòrùn Moscow, Kutaisov fi àṣẹ ránṣẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má kúrò ní ipò rẹ̀ títí ọ̀tá yóò fi dé orí àgbá gan-an. Bí ọ̀tá bá tilẹ̀ gba àgbá lẹ́yìn tí ó ti yìn tán, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tí ó yìn ín.

Ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án. Àgbá tí ó lé ní 600 ni Rọ́ṣíà kó wá, gbogbo wọn sì wà lábẹ́ Kutaisov. Nígbà tí Kutuzov rán Yermolov lọ sí apá òsì, Kutaisov ní òun yóò bá a lọ. Yermolov kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Lójú ọ̀nà, wọ́n rí i pé ọ̀tá ti gba òkè tí àgbá Raevsky wà. Àwọn méjèèjì kó àwọn ẹlẹ́sẹ̀ jọ, wọ́n sì gba òkè náà padà. Ṣùgbọ́n ẹṣin Kutaisov nìkan ni ó padà wá, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára gàárì rẹ̀. A kò rí òkú rẹ̀ títí di òní.

Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé láti ìgbà náà lọ ni àgbá Rọ́ṣíà kò ti ní olórí, àti pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó wà ní ìpamọ́ kò wúlò bí ó ti yẹ. Èèyàn tí ó lé ní 70,000 ni ó kú tàbí tí ó fara gbọgbẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo náà. Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bógun lọ. Bóyá ẹni tí wọ́n ń fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kò lè fara dà á kí a rí òun lẹ́yìn. Èrò tèmi ni èyí.

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, mo sáré jáde láti la ìjà àwọn ọmọ kíláàsì mìíràn. Mo là á, inú mi sì dùn. Nígbà tí mo padà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tèmi ti jábọ́ láti orí tábìlì, ó sì ti fi orí gbọgbẹ́. Ohun tí mo ṣe lóde dára, ṣùgbọ́n àwọn tí a fi lé mi lọ́wọ́ kò rí mi nígbà tí wọ́n ń wá mi. Ẹ jẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún Kutaisov nítorí pé ó kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tí oyè ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó sáré lọ síbi tí ariwo wà, ẹ jẹ́ kí a rántí òkè Raevsky.