Boubou Hama: Olùkọ́ tí Ó Kó Ẹ̀rí Jọ

Ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìgbésí ayé Boubou Hama fi hàn pé ohun èlò tí a lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní òye yìí wà nínú èdè abínibí.

Ọmọ Songhay ni, a bí i ní Fonéko ní ìwọ̀-oòrùn Niger. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty ní Senegal, ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó di olóṣèlú. Títí di 1974 tí ó fi jẹ́ olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Niamey, ó ń gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì ń kó ìwé àfọwọ́kọ jọ: ti èdè Lárúbáwá àti ti ajami, èyíinì ni èdè Áfíríkà tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Àkójọ náà wà ní Yunifásítì Abdou Moumouni lónìí. Òun àti Joseph Ki-Zerbo kọ orí kan lórí ipò ìtàn láwùjọ Áfíríkà sínú ìdìpọ̀ kìíní ìwé Ìtàn Áfíríkà ti UNESCO.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a yìn ín láìwádìí. A ti fòfin de ẹgbẹ́ alátakò Sawaba ní 1959. Ilé aṣòfin tí ó darí kò ní alátakò. Nígbà tí ológun gbàjọba ní 1974, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n. Ó kú ní Niamey ní 1982.

Kí olùkọ́ gbé ìtàn ẹnu arọ́kìn sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí a kọ sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì bèèrè ẹni tí ó sọ ọ́, bí ó ṣe mọ̀ ọ́n, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà gbè.