Arákùnrin Georg Kamel, Apoògùn Erékùṣù Luzon

Ẹ̀yin ọmọ wa, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sáàárín wa, ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ti kú láti ọdún 1706 la fẹ́ sọ fún yín. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, bí òtútù bá ti fẹ́ máa lọ, nínú oṣù kejì sí oṣù kẹta, ẹ máa ń rí igi kékeré kan lójúde ilé àwọn ènìyàn. Ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó rẹ̀ á pupa tàbí kó funfun. Camellia ni wọ́n ń pè é. Tíì tí ìyá yín ń pò láàárọ̀, ìdílé igi yìí kan náà ni ewé rẹ̀ ti wá. Orúkọ ènìyàn ló wà nínú orúkọ yẹn o. Ẹni tó sì ni orúkọ náà kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ nípa igi náà. Iṣẹ́ mìíràn ló ṣe tí wọ́n fi rántí rẹ̀.

Georg Joseph Kamel ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1661 ní ìlú Brno, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Czech lónìí, níbi tó tutù tó sì jìnnà sí òkun. Ní 1682, nígbà tó di ẹni ọdún 21, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn Jesuit nínú ìjọ Kátólíìkì, ìjọ tí àwọn àgbà wa ń pè ní ìjọ Àgùdà. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: kò wọ ibẹ̀ láti di àlùfáà. Arákùnrin lásán ni. Nínú ilé àwọn Jesuit, àlùfáà ló ń wàásù, òun ló ń kọ́ni. Àwọn arákùnrin ló ń dáná, àwọn ló ń ránṣọ, àwọn ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n sì ń tọ́jú aláìsàn. Iṣẹ́ oògùn ló bọ́ sọ́wọ́ Kamel. Ó ń gún un, ó ń sè é, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń gbé e lọ bá ẹni tó dùbúlẹ̀.

Ní 1687 wọ́n rán an lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó wọkọ̀ ní Cádiz ní ilẹ̀ Spéìn, ó la òkun Àtìláńtíìkì kọjá dé Mẹ́síkò, ó tún la òkun Pàsífíìkì kọjá, ó sì gúnlẹ̀ sí ìlú Manila ní erékùṣù Luzon ní 1688. Luzon ló tóbi jù nínú àwọn erékùṣù Fílípínì, tí wọ́n lé ní 7,000. Láti 1571 ni àwọn ará Spéìn ti gba Manila, tí wọ́n sì fi agbára jọba lé onílẹ̀ lórí.

Ọmọ ilẹ̀ òtútù ni Kamel, ó wá bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Wọ́n ní kó mójú tó oògùn ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Jesuit ní Manila. Kò pẹ́ tí kì í fi í ṣe àwọn ará ilé náà nìkan ló ń tọ́jú mọ́. Àwọn ará ìlú ń wá, àwọn tálákà ń wá, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ tálákà. Ẹ̀rọ̀ yẹn dára, àmọ́ níbo ni oògùn ọ̀hún á ti máa wá? Oògùn tó kọ́ láti ìlú rẹ̀, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbà gbé e wá, ọkọ̀ tó ń ti Acapulco ní Mẹ́síkò bọ̀ kò sì ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Ọkọ̀ mìíràn kì í dé rárá. Aláìsàn kò sì lè dúró de ọkọ̀.

Igbó wà yí i ká, ewé sì kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Kò sí èwo tó dà bí èyí tó mọ̀ ní Brno. Ohun tó ṣe ni pé ó yíjú sí àwọn onílẹ̀. Ó ń bi wọ́n léèrè, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń lo egbò, èèpo igi, èso àti ewé, ó ń gbìn wọ́n sínú ọgbà, ó ń yà wọ́n sórí bébà pẹ̀lú yíǹkì. Bó bá kọ nípa igi kan, ó máa ń fi orúkọ tí wọ́n ń pè é ní èdè Tagalog tàbí èdè àwọn ará Visayas sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ewé á mọ ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé a sọ ọ́. Ẹni tí kò mọ orúkọ tí onílẹ̀ ń pe ewé, ta ni yóò bá a já a wá lóru bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú wọn. Kóró kan wà tí àwọn ará Visayas ń pè ní igasur. Àwọn Jesuit sọ ọ́ ní ẹ̀wà Ignatius Mímọ́, nítorí pé Ignatius ló dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Ó le bí òkúta, ó korò ju orógbó lọ fíìfíì. Àwọn ènìyàn ń so ó mọ́rùn kí májèlé àti ibi má bàa bá wọn, wọ́n sì ń lò ó fún oríṣiríṣi àìsàn. Kamel kọ gbogbo bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1699, nínú ìwé Philosophical Transactions ti ẹgbẹ́ Royal Society. Ní 1818, àwọn apoògùn méjì ní ilẹ̀ Faransé, Pelletier àti Caventou, fa ohun tó wà nínú kóró náà yọ: strychnine ni, májèlé tí wọ́n padà ń fi pa eku. Ìwọ̀nba tó kéré jọjọ ló tó láti mú kí gbogbo ara ènìyàn le gbandi, kí èémí sì dúró. Ẹ ò wá rí bí ojú iṣẹ́ ẹni tó ń wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó. (Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ ò gbọdọ̀ dán irú ẹ̀ wò.)

Báwo ni ìwé ẹni tó wà ní Manila ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù? Ìjọba Spéìn kò fẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ṣòwò ní Manila. Ìjọ wọn náà kò pọ̀ mọ́ra: Kátólíìkì ni àwọn ará Spéìn, Pùròtẹ́sítáǹtì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀jẹ̀ sì ti ṣàn láàárín ìjọ méjèèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀ àwọn ọkọ̀ oníṣòwò kan ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ láàárín Manila àti Madras ní Íńdíà. Àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì wà ní Madras, Samuel Browne àti Edward Bulkley, tí wọ́n ń gba ẹrù Kamel tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí James Petiver. Apoògùn bíi Kamel ni Petiver, Aldersgate Street ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Petiver ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ John Ray ní Black Notley ní Essex. Ray ti dàgbà, ẹsẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìwé ńlá nípa gbogbo igi àti ewé ayé ló ń kọ. Òun náà ti pàdánù ipò rẹ̀ ní Cambridge ní 1662 nítorí ìbúra kan tí ọkàn rẹ̀ kò gbà lórí ọ̀rọ̀ ìjọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi bìkítà pé Àgùdà lẹni tó ń kọ̀wé sí òun. Èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀ o.

Ẹrù àkọ́kọ́ kò dé. Àwọn olè orí òkun dá ọkọ̀ náà lọ́nà, gbogbo ewé gbígbẹ àti àwòrán tó fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe sì lọ. Ẹ rò ó wò. Kò sí ẹ̀rọ tí ì bá fi ya ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ bá yà, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Láàárín kí ó máa po oògùn lójoojúmọ́, Kamel padà sínú igbó, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìkejì dé. Ní 1704, nígbà tí Ray tẹ apá kẹta ìwé rẹ̀ Historia Plantarum jáde, ó fi iṣẹ́ Kamel lórí àwọn igi àti ewé Luzon sẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfikún. Ọ̀rọ̀ nìkan ló wọlé, wọn ò tẹ àwòrán kankan. Petiver tún ń tẹ ìròyìn rẹ̀ lórí ẹyẹ, aláǹtakùn àti ìkarawun jáde díẹ̀díẹ̀.

Ray kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 1705. Kamel tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, 1706, ní Manila níbẹ̀, ẹni ọdún 45. Kò padà rí Brno mọ́ láti ọjọ́ tó ti kúrò.

Carl Linnaeus ti ilẹ̀ Swídìn, ẹni tó fún àìmọye igi àti ẹranko lórúkọ, ló mú orúkọ Kamel, ó fi sọ igi ilẹ̀ Japan kan ní Camellia. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1753, ọ̀tọ̀ ni tíì wà. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló wò ó fínnífínní tí wọ́n rí i pé ìdílé kan ni wọ́n, nígbà tó sì di 1887, tíì náà di Camellia. Báyìí ni apoògùn Manila ṣe wọ inú ife gbogbo ayé. Àwọn onílẹ̀ tó fi ọ̀nà ewé hàn án kò gba orúkọ lára igi kankan, èyí ò sì dùn mọ́ mi nínú. Orúkọ tí wọ́n fún ewé wọn nìkan ló kù nínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tí Petiver kú ní 1718, Hans Sloane ra gbogbo ẹrù rẹ̀. Sloane náà kú ní 1753, ẹrù ọ̀hún sì ni wọ́n fi dá British Museum sílẹ̀. Àwọn àwòrán tí Kamel fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà wà ní British Library báyìí. Àwọn ewé gbígbẹ tó já ní Luzon wà ní Natural History Museum ní South Kensington, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ìwé ńláńlá, ó ti lé ní 300 ọdún.