Dókítà Ládípọ̀ Olúwọlé, ẹni tó bá àrùn eku jà l'Ékòó

Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó, tó sì mọ Yábàá, yóò ti ṣàkíyèsí pé òpópónà Yábàá tò lọ tààrà, wọn kò há bíi ti Ìsàlẹ̀ Èkó. Àrùn wà nínú ohun tó fà á. Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé sì wà lára àwọn tó kojú àrùn náà.

Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Olúwọlé ni. Nǹkan bí ọdún 1892 ni wọ́n bí i. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní King's College, ó sì kàwé ìṣègùn ní Yunifásítì Glasgow, níbi tó ti gboyè lọ́dún 1918. Abẹ́òkúta ló ti kọ́kọ́ ń tọ́jú aláìsàn. Bó bá jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tí ì bá bá a wí. Ṣùgbọ́n ó padà sí Glasgow láti kọ́ nípa ìlera ìlú, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe irú dókítà bẹ́ẹ̀ fún ìlú Èkó.

Lọ́dún 1924 ni àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó. Kòkòrò kékeré tó ń gbé ara eku ló ń kó o ran èèyàn, ibi tí ilé bá sì ti fún mọ́ra jù ló ti ń pani jù. Olúwọlé mú àbójútó èbúté le, ó sì fún iṣẹ́ àwọn wolé-wolé lágbára sí i. Àwọn wolé-wolé yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ aráàlú: bí wọ́n bá bá tanwíjí nínú ìkòkò omi rẹ, o ti kan ìjọ̀ngbọ̀n. Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ́tótó tó dá sílẹ̀ ní Yábàá ló kọ́ irú wọn fún gbogbo Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n wolé-wolé kò lè fẹ ilé tó há. Lọ́dún 1928, ìjọba dá àjọ Lagos Executive Development Board sílẹ̀. Owó ìlú ni wọ́n fi ń wó ilé tó fún jọ, tí wọ́n fi ń la títì, tí wọ́n sì fi pín ilẹ̀ ní Yábàá fún ilé tuntun. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ kí la fẹ́ wí fún ẹni tí wọ́n wó agboolé bàbá rẹ̀, tí kò lówó tí yóò fi kọ́lé sí Yábàá?

Olúwọlé kú lọ́dún 1953. Ní 1955, àjọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín gbùngbùn Èkó, wọ́n ń kó èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tó mọ́, tó láfẹ́fẹ́, ni wọ́n bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà àwọn ìyá olójà kò bá wọn lọ, owó ọkọ̀ sí ọjà sì ń jẹ èrè wọn.